Bí ẹ ṣe lè yan sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún àwòrán fẹ́kítọ̀

Ibi tí iṣẹ́ yín máa parí sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lógò tí wọ́n máa tẹ̀ sára aṣọ, àwòrán kékeré fún íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán tí ẹ̀rọ máa gé lára pákó: ohun tí kálukú ń béèrè yàtọ̀. Ìlà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò ni àwòrán fẹ́kítọ̀. Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ kì í fi í bàjẹ́, bí ẹ tilẹ̀ mú un tóbi tó ògiri. Ọ̀fẹ́ ni GIMP, ó sì dára gan-an, àmọ́ píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ló ń lò. Ẹ fi tún fọ́tò ṣe, ẹ má fi ya lógò.

Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Inkscape ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ó ti wà láti ọdún 2003, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, SVG ló sì fi ń tọ́jú iṣẹ́. SVG, irú fáìlì fún àwòrán fẹ́kítọ̀, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo: búrawúsà ń ṣí i, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà mìíràn náà ń ṣí i. Lójú tiwa, èyí ṣe pàtàkì ju iye bọ́tìnnì lọ, torí bí ẹ bá pa sọ́fítíwíà dà lọ́la, iṣẹ́ yín á bá yín lọ.

Tó bá jẹ́ àpótí tí ọfà so pọ̀ lẹ fẹ́ yà, LibreOffice Draw yá ju Inkscape lọ: bí ẹ bá sún àpótí, ọfà á tẹ̀ lé e. Penpot wà fún àwọn tó jọ ń ya ojú áàpù nínú búrawúsà. Ní ti àwọn mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè gba SVG yín jáde láìsan owó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé yíyà ni ọ̀fẹ́, gbígbà ni wọ́n ń gbowó lé.

Ẹ fi iṣẹ́ kékeré kan dán an wò. Nínú Inkscape, ẹ tẹ B kí ẹ ya ìlà tó tẹ̀, kí ẹ tẹ N láti sún àwọn ojú rẹ̀, ìyẹn àwọn kókó kékeré tó ń darí ìlà náà. Ẹ gbé òbìrí méjì léra, kí ẹ fi Ctrl àti + so wọ́n di ọ̀kan. Ẹ kọ “ẹ́” àti “ọ̀”: tí àmì bá fò kúrò lórí lẹ́tà, fọ́ǹtì ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe sọ́fítíwíà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrawúsà ṣí SVG náà.

Ibi fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni wàhálà ti ń pọ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yín á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ẹ fi Shift+Ctrl+C sọ ọ̀rọ̀ di ìlà, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé tún kọ. Trace Bitmap (Shift+Alt+B), tó ń sọ àwòrán píkísẹ́lì di ìlà, dára fún àwòrán dúdú àti funfun. Bí ẹ bá gbé fọ́tò sí i, ojú ìlà á pọ̀ débi pé fáìlì á wúwo. Ctrl+L ń dín wọn kù, àmọ́ bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, àwòrán á yí padà. RGB, àwọ̀ ti ojú kọ̀ǹpútà, ni Inkscape ń lò. Bí atẹ̀wé bá ní CMYK, àwọ̀ ti tàdáwà ìtẹ̀wé, lòun fẹ́, ẹ gbé SVG wọ Scribus, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún títo ojú ìwé, kí ẹ ti ibẹ̀ mú PDF jáde. Búlúù àti àwọ̀ ewé tó ń tàn lè ṣókùnkùn díẹ̀, torí tàdáwà kò lè gbé gbogbo àwọ̀ tí ojú kọ̀ǹpútà ń gbé.

Fún ẹ̀rọ tó ń gé nǹkan, ẹ ṣọ́ ìwọ̀n. Láti ẹ̀dà 0.92, píkísẹ́lì 96 ni Inkscape ń kà sí ínǹṣì kan. 90 ni tẹ́lẹ̀. Fáìlì àtijọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Ẹ yí ìwọ̀n sí mìlímítà, kí ẹ sì wo gígùn ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ̀rọ gé e.