“A dúpẹ́” tó ń gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ aláìsàn: fún ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí èèyàn wọn fi orí gbá ní England

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò le. Kí aláìsàn ní GP, dókítà àdúgbò. Bó bá ṣì wà ní wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí dókítà kọ lẹ́tà tí yóò gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú neurorehabilitation, níbi tí wọ́n ti ń ran ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa lọ́wọ́ láti tún ayé rẹ̀ ṣe, kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé, kí ẹ sì gba ẹ̀dà lẹ́tà náà. Ẹ béèrè fún Checklist, àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀ fún NHS Continuing Healthcare, ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí NHS ń sanwó rẹ̀, CHC tí gbogbo ayé ń pè é. Bó bá yege nínú Checklist, ó yẹ kí ìpinnu jáde láàárín ọjọ́ 28. Bí CHC bá wọlé, NHS ló máa san owó ilé ìtọ́jú, wọn kò ní béèrè ohun tó wà ní báǹkì. Bí kò bá wọlé, ó di ọ̀rọ̀ káńsù, káńsù sì ń ka owó: ẹni tó bá ní ju £23,250 lọ ni yóò san owó ara rẹ̀. Ilé ni àwọn mìíràn ń tà.

Ẹ̀yin tí físà yín ní “no recourse to public funds”, pé ẹ kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má sá. Ìtọ́jú NHS àti ti káńsù kò sí lára public funds tí ìwé yẹn ń sọ. PIP, owó ìrànwọ́ fún ẹni tó ní àìlera, àti Universal Credit, owó ìrànwọ́ fún ẹni tówó tó ń wọlé fún un kéré, ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò kíkún tó tẹ̀ lé Checklist ni wàhálà wà. Nọ́ọ̀sì àti social worker, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń rí sí ìtọ́jú, yóò jókòó ti ìwé tó ń jẹ́ Decision Support Tool. Ọ̀nà 12 ló pín sí: mímí, oúnjẹ, ìtọ̀ àti ìgbẹ́, awọ ara, ìrìn, ọ̀rọ̀ sísọ, òye, ìwà, oògùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á bi ìyàwó pé báwo ni ọkọ rẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Ìyàwó á ní, “A dúpẹ́ o, ara ti ń yá, kò sí wàhálà.” Nọ́ọ̀sì á kọ “low” sílẹ̀, pé àìní rẹ̀ kéré. Bí wọ́n ṣe ń dáhùn ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn, kò sì burú níbẹ̀. Lórí tábìlì yìí, ẹ̀rí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín jẹ́ takò ara yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ ṣépè fún aláìsàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sọ, ọjọ́ tó burú jù ni kẹ́ ẹ sì fi ṣáájú.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò tún bá yín bà á jẹ́, kò sì ní mọ̀. Bó bá jẹ́ iwájú ọpọlọ ló fara pa, ẹnu lè dá ṣáká kí ọwọ́ má lè ṣe nǹkan parí. Ẹ ní kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́. Yóò kà á lẹ́sẹẹsẹ: ewùrà tá a ó rin, iyọ̀ tá a ó pò mọ́ ọn, ata tó gbọ́dọ̀ ti máa hó ká tó máa bu ewùrà sí i, iná tá a ó dín kù, bí a kò ṣe gbọ́dọ̀ tètè rò ó. Kò ní ṣì í rárá. Ẹ wá mú un wọ ilé ìdáná. Yóò gbé epo kaná, yóò rin ewùrà dé ìdajì, fóònù yóò dún, yóò lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, epo yóò máa jó. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lórí àga kò lè rí èyí. Ẹ ní kí occupational therapist, ẹni tó ń yẹ bí aláìsàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ wò, wò ó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ìtọ́sọ́nà NG108 lórí agbára láti ṣe ìpinnu, tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìtọ́sọ́nà ìtọ́jú, gbé jáde ní 2018 sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lè tan àyẹ̀wò jẹ.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, ẹni tó dá sí i. “Ó máa ń bínú” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. “Aago 2:40 òru, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ní òun ń lọ sọ́jà Òkè-Àjẹ, ìṣẹ́jú 35 ni ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé”: èyí ni wọ́n lè fún ní máàkì. “Priority” (àìní tó ga jù lọ) kan tàbí “severe” (àìní tó le gan-an) méjì ti tó láti mú kí wọ́n dámọ̀ràn pé ó yẹ. Bí wọ́n bá sì ní ara rẹ̀ balẹ̀ báyìí, ẹ dá wọn lóhùn pé ìtọ́jú ló mú un balẹ̀. Ìlànà CHC fúnra rẹ̀ sọ pé àìní tí wọ́n ń bójú tó dáadáa ṣì jẹ́ àìní.

Ẹ má fi àbúrò tàbí pásítọ̀ ṣe ògbufọ̀. Ojú ń tì wọ́n láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́. NHS ní láti pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn àgbà ilé lè máa pè láti Ìpẹru tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó pé kẹ́ ẹ gbé e kúrò láàárín òyìnbó. Ẹ fetí sí wọn, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó kò ní àṣẹ lábẹ́ òfin níbí láti buwọ́ lùwé fún àgbàlagbà tí kò lè pinnu fúnra rẹ̀. Mental Capacity Act 2005 ló ń darí ìyẹn. Bí kò bá ti ṣe Lasting Power of Attorney, ìwé tó fi àṣẹ lé ẹnì kan lọ́wọ́ láti máa pinnu fún un, tẹ́lẹ̀, Court of Protection, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lè pinnu fúnra wọn, lẹ ó lọ fún ọ̀rọ̀ owó rẹ̀.

Tí wọ́n bá fún un ní ààyè ní ilé ìtọ́jú, ẹ wo ilé náà kí ẹ tó gbà. Ilé àwọn arúgbó kọ́ ni ibi tó yẹ ọmọ ogójì ọdún tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣọ́wó ná. Ẹ wo èsì àyẹ̀wò CQC, àjọ tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò, ẹ béèrè bóyá neuropsychologist, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìwà, wà níbẹ̀, àti iye wákàtí therapy lọ́sẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀ yín, oṣù mẹ́fà lẹ ní láti ọjọ́ lẹ́tà náà láti ní kí wọ́n tún un wò. Ẹni tó bá sì ń gba PIP, tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ sílé fún Ojúde Ọba, ẹ sọ fún DWP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san owó náà, bí ìrìn àjò náà bá máa ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ. Bó bá ju ọ̀sẹ̀ 13 lọ, owó náà yóò dúró, àfi bó bá jẹ́ nítorí ìtọ́jú ló ṣe lọ, èyí tó lè dé ọ̀sẹ̀ 26.