Bí a ṣe ń lo ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì láti gba ìròyìn lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́

Ilé iṣẹ́ kì í dáhùn ìbéèrè. Ènìyàn ni í dáhùn, ìwé ìṣirò ni ó sì máa ń wò kí ó tó dáhùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ọ̀gá tí a kọ lẹ́tà sí lè má mọ iye tí a ń béèrè.

Ẹ to orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú nọ́ńbà IFU wọn, ìyẹn nọ́ńbà owó orí tí ìjọba fún wọn, kí a má baà ka ẹnì kan tí ó ní ìsọ̀ mẹ́ta sí ilé iṣẹ́ mẹ́ta. Kí líǹkì ti oníkálùkù dá yàtọ̀, bí LimeSurvey, ètò tí a fi ń ṣe ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń ṣe é, kí ẹ lè mọ ẹni tí kò tíì dáhùn, kí òun náà sì lè dá iṣẹ́ dúró, kí ó padà wá parí rẹ̀ lọ́la.

Ìgbésẹ̀ tí mo kà sí jù lọ ni pé kí ẹ fi gbogbo ìbéèrè náà ránṣẹ́ lórí ìwé ṣáájú líǹkì, kí oníṣirò lè kó àwọn iye jọ. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí orúkọ tí ó wà nínú ìwé náà hàn. Bí ẹ bá béèrè “owó tí ó wọlé” lásán, ẹlòmíràn á kọ èrè rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé chiffre d'affaires, ìyẹn gbogbo owó ọjà tí ó tà, ni ẹ ń wá. Ẹ dárúkọ ọdún tí ẹ ń béèrè nípa rẹ̀. Ẹ pèsè ibi tí a ti lè yan “kò kàn wá”, torí pé òdo kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àyè tí a fò.

Òfin 2017-20, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ń dáàbò bo ìròyìn nípa ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìdáhùn ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìránnilétí méjì, ẹ tọ ẹni tí kò dáhùn lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. KoboToolbox, ètò mìíràn tí a fi ń gba ìdáhùn, lè tọ́jú ìdáhùn sórí fóònù títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dé. Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojúkojú ni ẹ ti gba ìdáhùn yẹn.