Bí A Ṣe Rí Àyè fún Ọmọ Wa Láti Gbá Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Yunifásítì

Ọmọkùnrin wa jáde ní iléèwé girama ní agbègbè Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ọdún 2024, kí ó sì tó jáde ni ó ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú yunifásítì kan pé òun yóò máa kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, òun yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: “Ta ni ẹ mọ̀ níbẹ̀?” A kò mọ ẹnikẹ́ni. Àkántáǹtì ni mí, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni mo sì gbá rí ní Abẹ́òkúta. Ohun tí ó yé mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn kóòṣì kì í gba ọmọ nítorí kí wọ́n lè yìn ín. Àyè kan ni ó ṣófo lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò dí i. Ohun tí ó kù fún òbí àti ọmọ ni kí wọ́n mọ ibi tí àyè náà wà, kí ó sì rọrùn fún kóòṣì láti yẹ ọmọ náà wò dáadáa.

Àjọ NCAA, tí ó ń darí eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, pín àwọn iléèwé sí Division I, II àti III. Division I fúnra rẹ̀ tún pín sí méjì nínú bọ́ọ̀lù: FBS ni ó ga jù, FCS ni ó tẹ̀ lé e. Ní ìgbà tiwa, iléèwé FBS kan lè fún agbábọ́ọ̀lù 85 ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó pé pérépéré. Ti FCS jẹ́ 63, ti Division II jẹ́ 36, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí lè gé owó náà sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n sì pín in fún ọmọ púpọ̀. Division III kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ nítorí eré ìdárayá. Àwọn yunifásítì Ivy League bíi Harvard àti Yale kì í san án pẹ̀lú, bí wọ́n tilẹ̀ wà ní Division I. Bí agbára ìdílé ṣe mọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ṣe ìrànwọ́. Àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní iléèwé girama káàkiri Amẹ́ríkà sì lé ní mílíọ̀nù kan. Mo kọ gbogbo ìṣirò yìí sórí bébà fún ọmọ mi nígbà tí ó wà ní kíláàsì kẹwàá, nítorí pé Alabama àti University of Texas nìkan ni ó máa ń dárúkọ nínú ilé. Kò bínú rárá. Ó kàn bi mí pé àwọn iléèwé Division II wo ni ó wà nítòsí wa, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn iléèwé tí ó wà nínú Lone Star Conference, ẹgbẹ́ àwọn iléèwé Division II tí ń bá ara wọn díje, nìyẹn.

Ìwé èsì ni a kọ́kọ́ mójú tó, ṣáájú fídíò, ṣáájú ohunkóhun mìíràn. Ní Texas, òfin kan ti wà láti ọdún 1984 pé ọmọ tí ó bá fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan kò ní bá wọn ṣeré títí yóò fi tún máàkì rẹ̀ ṣe, nítorí náà gbogbo òbí níbí ni ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ àti bọ́ọ̀lù ń rìn pọ̀. Ohun tí àwọn púpọ̀ kò mọ̀ ni pé NCAA ní ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n ń béèrè kọ́ọ̀sì 16: fún Division I, Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́rin, ìṣirò ọdún mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ láti Algebra I, sáyẹ́ǹsì ọdún méjì, ìmọ̀ àwùjọ ọdún méjì, ọdún kan sí i nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, kí a sì fi àwọn wọ̀nyí tàbí èdè ilẹ̀ òkèèrè dí mẹ́rin tí ó kù. Mẹ́wàá nínú wọn gbọ́dọ̀ ti parí kí ọmọ tó wọ ọdún ìkẹyìn rẹ̀, méje nínú mẹ́wàá yìí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì. Máàkì àwọn kọ́ọ̀sì yìí nìkan ni wọ́n fi ń ṣe GPA (ìpíndọ́gba máàkì) tí wọ́n ń wò, kò gbọdọ̀ kéré sí 2.3 fún Division I àti 2.2 fún Division II. Àkójọ orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì tí NCAA fọwọ́ sí fún iléèwé girama kọ̀ọ̀kan wà lórí ìkànnì wọn fún ẹnikẹ́ni láti wò. Mo tẹ tiwa jáde, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ẹ̀kọ́ ọmọ mi, mo sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn kíláàsì tí wọ́n fẹ́ kó o sí kò sí nínú àkójọ náà. A bá olùdámọ̀ràn iléèwé sọ̀rọ̀, ó sì yí i padà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. NCAA fagi lé dandan SAT àti ACT, ìdánwò tí àwọn ọmọ fi ń wá àyè sí yunifásítì, ní oṣù kìíní ọdún 2023, síbẹ̀ a ní kí ó jókòó ṣe SAT, nítorí pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ṣì ń fi máàkì rẹ̀ pinnu iye owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ tí ó mọ̀wé, owó yẹn kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn náà ni a wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí àyè ṣófo. Gbogbo yunifásítì ni ó ń gbé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ipò tí wọ́n ń gbá, gíga wọn, ìwọ̀n wọn, àti ọdún tí wọ́n dé nínú ẹ̀kọ́. Defensive end ni ọmọ mi, ẹni tí ó ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà láti lépa ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù. Mo ṣí Excel, mo sì kọ orúkọ àwọn tí ń gbá ipò yìí ní iléèwé kọ̀ọ̀kan tí ó wù wá, àti ọdún tí olúkúlùkù yóò jáde. Iṣẹ́ náà kò rọrùn bí ó ṣe yẹ kí ó rọrùn, nítorí pé NCAA ti fún gbogbo àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ní ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn àgbàlagbà tí ó yẹ kí ó ti lọ ṣì jókòó sáyè wọn. Òfin ìgbà tiwa, láti ọdún 2021, tún gba agbábọ́ọ̀lù láàyè láti kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan láìjókòó sílé fún ọdún kan, àwọn iléèwé ńlá sì ń lo àǹfààní yìí láti kó àwọn tí wọ́n ti dán wò níbòmíràn, dípò ọmọ girama tí ara rẹ̀ kò tíì gbó. Bí a ṣe ń yọ àwọn iléèwé kúrò nínú tábìlì ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe kedere sí i, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì ni a kọ̀wé sí.

Fídíò kò gba àkókò gígùn lọ́wọ́ wa. Iléèwé rẹ̀ ń gbé gbogbo ìdíje sórí Hudl, ìkànnì tí wọ́n ń kó fídíò eré sí, ọmọ náà sì gé àwọn ibi tí ó dára jù jáde fúnra rẹ̀, ó fi àmì yí ara rẹ̀ ká kí eré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ kí ẹni tí ń wò ó má baà máa wá a kiri, ó sì fi èyí tí ó dára jù lọ síwájú, nítorí pé kóòṣì tí ó ní ọgọ́rùn-ún fídíò níwájú kì í dúró de ìparí. Kóòṣì rẹ̀ ní girama ní kí ó má fi ìgbà tí ó gbé ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ nìkan sí i. Kí ó fi ibi tí ó ti lo ọwọ́ rẹ̀ láti já ara rẹ̀ gbà sí i pẹ̀lú, àti ibi tí ó ti sáré la pápá kọjá lọ bá eré tí kò sí ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Èyí ìkẹyìn yìí ni kóòṣì yunifásítì tí ó gbà á níkẹyìn kọ́kọ́ mẹ́nu kàn.

Ọmọ náà ni ó kọ gbogbo ímeèlì, kì í ṣe èmi, mo sì gba gbogbo òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n jìnnà sí i, nítorí pé ọmọ ni àwọn kóòṣì fẹ́ mọ̀. Kóòṣì tí ń kọ́ àwọn tí ń gbá ipò rẹ̀ ni ó ń kọ̀wé sí, pẹ̀lú kóòṣì tí wọ́n yan agbègbè Houston fún. Ọdún tí yóò jáde, ipò, gíga, ìwọ̀n, GPA, fídíò, àti nọ́ńbà kóòṣì rẹ̀ ní girama ni ó ń kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan tí ó fi hàn pé ó mọ iléèwé náà. Ní ìgbà tiwa, kóòṣì Division I kò lè fèsì lẹ́tà títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ní kíláàsì kọkànlá, ti Division II sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ṣáájú kíláàsì náà. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé wọn kò ka ọmọ òun sí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ó lọ sí káàǹpù, níbi tí àwọn kóòṣì ti ń fi ojú ara wọn yẹ àwọn ọmọ wò. Àwọn yunifásítì ńlá ni ó máa ń gbà á lálejò, ṣùgbọ́n àwọn kóòṣì láti iléèwé kéékèèké máa ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn yẹn gan-an ni a bá lọ. Wọ́n wọn gíga rẹ̀ láìwọ bàtà, wọ́n wọn gígùn apá rẹ̀, wọ́n wo bí ó ṣe sáré yáàdì 40. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un kojú àwọn tí ń dáàbò bo ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan sí ẹnì kan, ibẹ̀ sì ni ojú àwọn kóòṣì ti ń là. Gíga àti ìwọ̀n rẹ̀ bá ohun tí ó ti kọ ránṣẹ́ mu, mo sì rí kóòṣì kan tí ó fi bírò sàmì sí i.

Nígbà tí àwọn kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè lọ̀ ọ́, a kọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kóòṣì kan láti iléèwé kan tí n kò ní dárúkọ pè é nínú oṣù kẹjọ pé àyè wà fún un. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá, wọ́n ti mú ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tí ó pè wá padà. Wọn kò ré òfin kankan kọjá, nítorí pé títí tí a óò fi fọwọ́ sí ìwé, kò sí ohun tí ó de ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí ọmọ mi máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: “Bí mo bá gbà lónìí, ṣé ẹ óò mú mi?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Yunifásítì tí ó gbà á sanwó fún ìbẹ̀wò rẹ̀, oúnjẹ àti yàrá tiwa náà sì wà nínú rẹ̀. Mo béèrè bóyá ọdún kan ni owó náà wà fún tàbí gbogbo ọdún ẹ̀kọ́, ẹni tí yóò san owó dókítà bí ó bá fara pa, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kóòṣì bá kúrò. Ọdún kan ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ fún wa kí ọjọ́ kìíní oṣù keje tó kọjá lọ́dọọdún bóyá wọn yóò tún un ṣe. Apá kan owó ilé-ẹ̀kọ́ ni bọ́ọ̀lù san, owó ìrànwọ́ tí máàkì SAT rẹ̀ fà wá sì pọ̀ ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Fọ́ọ̀mù FAFSA, tí ìjọba àpapọ̀ fi ń mọ agbára ìdílé, máa ń jáde ní oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n ti ọdún yẹn kò jáde títí di ìparí oṣù kejìlá, ó sì di oṣù kẹta ọdún 2024 kí àwọn yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí èsì rẹ̀ gbà. Ọjọ́ keje oṣù kejì sì ni ọjọ́ ìfọwọ́síwèé. Mo ní kí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ kọ iye tí ó dájú sílẹ̀ fún wa, lọ́tọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣì ń retí, ohun tí ó dájú nìkan ni mo sì fi ṣe ìpinnu.

Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí yóò bá ìyípadà pàdé. NCAA pa ìwé National Letter of Intent, èyí tí ọmọ fi ń ṣèlérí pé iléèwé náà ni òun yóò lọ, rẹ́ fún Division I ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àdéhùn owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ sí dípò rẹ̀. Láti sáà 2025, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí ó parí ẹjọ́ House, èyí tí àwọn eléré ìdárayá pe NCAA nítorí owó, iye agbábọ́ọ̀lù tí ó lè wà ní iléèwé Division I tí ó bá wọ inú àdéhùn náà kò gbọdọ̀ ju 105 lọ, àyè àwọn tí ń wá gbá a láìgba owó sì ti dín kù.

Ohun kan kù tí ó kan àwa ọmọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ìyẹn ni jínótáìpù. Ní ọdún 2006, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Rice University níhìn-ín ní Houston, Dale Lloyd, dìgbò lulẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò, ó sì kú, AS ni. Ẹjọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ pè ni ó mú kí NCAA bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àyẹ̀wò náà, Division I ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni a máa ń fi AS pè, a kì í rò ó mọ́ eré sísá nínú oòrùn. AS ni ọmọ mi pẹ̀lú. A fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò ara àti ìwé èsì ìkẹyìn, ìyá rẹ̀ sì bá ẹni tí ń tọ́jú ìlera àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni náà ṣàlàyé pé wọn kò ní lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀, pé ìdánrawò rẹ̀ yóò máa le díẹ̀díẹ̀, omi kò sì ní jìnnà sí i, àti pé bí iṣan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń já, kí ó dúró, kò sì sí kóòṣì tí ó lè ní kí ó máa sáré lọ. A ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Lẹ́tà náà dé kí ó tó wọlé ní oṣù kẹjọ.