Ẹ má kun sójà rọ́bà bí ẹní kun igi

Kétu ni mo ti kọ́ ọ̀dà kíkùn, lọ́dọ̀ bàbá mi àgbà tó ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìyẹn gan-an ló ṣì mí lọ́nà, torí igi máa ń mu ọ̀dà, rọ́bà kì í mu nǹkan kan. Mo kun àwọn sójà rọ́bà kéékèèké tí ọmọdé fi ń ṣeré fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 2,5 yẹn, mo rọ́ wọn sínú làìlọ́ọ̀nù mo wọ tasí, ó di Àjàṣẹ́. Bí ọmọ yẹn ṣe tú u, ọ̀dà ti bó sísàlẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Ó ní, "Tọ́ntọ́n, ṣé ara wọn ò yá ni?"

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́, mi ò fọ̀ wọ́n. Nǹkan bí òróró sábà máa ń wà lára wọn láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n ti dà wọ́n, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ ló ń bọ́ ọ, tó bá sì gbẹ tán ẹ má tún fi ọwọ́ tẹ́ ẹ fi jẹ àkàrà gbé e o.

Èyí tó burú jù ni ọ̀dà olóróró tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn. Tó bá gbẹ, ó máa le bí èèpo ẹyin, sójà á tẹ̀, ọ̀dà ò ní tẹ̀, ló bá sán. Polyethylene ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe làìlọ́ọ̀nù, kò sí nǹkan tó ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Àkíríìlì, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, ni kẹ́ ẹ lò, ẹ kọ́kọ́ po kọ́ọ̀lù, àtè funfun àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, mọ́ omi díẹ̀, ẹ fi pa á lára, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ẹ má dà á lé e lẹ́ẹ̀kan bí ẹní rẹ́ ògiri. Tó bá parí, ẹ tún fi kọ́ọ̀lù yẹn bò ó.

Ìbọn tàbí ọ̀kọ̀ ọwọ́ wọn tó bá wọ́, omi gbígbóná lẹ fi ń tọ́ ọ, lẹ́yìn náà omi tútù, àmọ́ kẹ́ ẹ tó kùn ún ni! Vernis alágolo tí wọ́n ń fín, ọ̀dà tí kò láwọ̀ tí wọ́n fi ń bo ọ̀dà, ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, torí lára àwọn tí wọ́n fi PVC rírọ̀, irú rọ́bà mìíràn, ṣe, òmíràn á kàn máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni, kò ní gbẹ.

Àwọn tí mo tún kùn, mo lẹ ìdí wọn mọ́ páálí kí n tó gbé wọn wọ tasí, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ọmọ yẹn ṣì ń fi ìka ta ọ̀kọ̀ ọwọ́ wọn, tìn-ìn, tìn-ìn, ìyẹn ni mi ò tíì rí kọ́ọ̀lù ẹ̀.