Orin Chiptune fún Eré RPG Tí Ẹ Ń Dá Ṣe: Wíwá Rẹ̀ àti Ṣíṣe Rẹ̀

Ẹni tó ń dá eré RPG (eré kọ̀ǹpútà tí olùṣeré ti ń di ẹ̀dá inú ìtàn) ṣe nínú yàrá rẹ̀, tó ti ya àwòrán ìlú àti ti ọ̀tá, tó sì ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú yóò máa sọ, sábà máa ń fi orin sí ìkẹyìn, yóò wá sáré kó ohun tó bá kọ́kọ́ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo máa ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn ni pé kí ó mú bébà, kí ó kọ gbogbo ibi tí orin yóò ti dún nínú eré náà sílẹ̀, kí ó sì kọ iye ìṣẹ́jú tó rò pé olùṣeré yóò lò níbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú eré kékeré, mẹ́jọ ti tó: ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀, ìlú, ọ̀nà oko, ihò àpáta, ìjà, ìjà pẹ̀lú ọ̀gá àwọn ọ̀tá, orin ìṣẹ́gun, àti orin ìparí.

Bébà yìí ni yóò sọ fún yín èyí tí ẹ ó lọ wá àti èyí tí ẹ ó fi ọwọ́ ara yín ṣe. Èrò tèmi ni pé ibi tí olùṣeré yóò ti pẹ́ jù lọ ni kí ẹ ná àkókò yín sí. Ẹni tó ń rìn kiri nínú ìlú, tó ń ra oògùn, tó ń bá bàbá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀, lè gbọ́ orin ìlú yẹn ní ìgbà ogún kí ó tó jáde. Orin ìjà sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ní gbogbo ìgbà tí ọ̀tá bá yọjú. Bí méjèèjì bá jẹ́ orin tí wọ́n ti gbọ́ nínú eré ẹlòmíràn, eré yín kò ní ojú tirẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n orin ìṣẹ́gun tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, tàbí ti ihò àpáta tí wọ́n kàn ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè wá èyí tó wà nílẹ̀ láìtijú.

Ohun tí etí ń retí

Orúkọ chiptune wá láti ara chip, ègé ẹ̀rọ kékeré inú ẹ̀rọ eré àtijọ́, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń dá ohùn sílẹ̀ bí eré bá ṣe ń lọ, tí kì í ṣe pé ó ń lu orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ níbì kan. Famicom tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1983, èyí tí àwọn ará òkèèrè mọ̀ sí NES, ní ìlà ohùn márùn-ún péré. Méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní pulse, ló sábà ń gbé ohùn orin fúnra rẹ̀. Ẹ lè yí ìdá àkókò tí ìgbì wọn fi ń wà lókè sí 12.5, 25, 50 tàbí 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 12.5 ń dún tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn, 50 ń dún kíkún, 25 àti 75 kò sì yàtọ̀ síra wọn létí. Ìlà kẹta, triangle, jẹ́jẹ́ ni ohùn rẹ̀, òun ló sì máa ń ṣe ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé dín kù, kò ṣeé fi kún: bí kò bá dún, ó dákẹ́ ni. Ariwo lásán ni ìlà kẹrin, bíi ti rédíò tí kò mú ilé iṣẹ́ kankan, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìlù. Ìkarùn-ún lè lu ègé ohùn kúkúrú tí wọ́n ti gbà sílẹ̀.

Game Boy ti 1989 ní ìlà mẹ́rin, Commodore 64 ti 1982 ní mẹ́ta. Nígbà tí Super Famicom dé ní 1990, ìlà mẹ́jọ ló ní, ohùn ohun èlò orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló sì ń lù, nítorí náà ẹni tó bá ní chiptune lòun fẹ́, tó wá ń fi orin RPG àárín àwọn ọdún 1990 ṣe àpẹẹrẹ, nǹkan mìíràn ló ń wá. Ẹ mú ẹ̀rọ kan, kí ẹ sì dúró tì í jálẹ̀ eré náà. Orin tí a kó láti ibi mẹ́rin, tí ọ̀kan jẹ́ ti Game Boy tí èkejì sì jẹ́ ti Commodore, kì í bá ara wọn gbé, kódà bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dùn.

Wíwá èyí tó ti wà nílẹ̀

Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń yà ni OpenGameArt, ojú òpó àwòrán àti orin fún eré tó ti wà láti 2009, nítorí pé ẹ lè sọ fún un irú àṣẹ ìlò tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin. Ẹ lè yà sí itch.io náà, níbi tí àwọn akọrin ti ń ta odidi àkójọ orin fún eré, tí àwọn mìíràn sì ń fi tiwọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àṣẹ ni kí ẹ kà ṣáájú orin. CC ni Creative Commons, àwọn àṣẹ tí ẹni tó ni iṣẹ́ fi ń jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó. CC0 túmọ̀ sí pé ẹni tó kọ ọ́ ti yọ ọwọ́ kúrò, ẹ lè lò ó bó ṣe wù yín. CC BY ní kí ẹ dárúkọ rẹ̀. CC BY-SA fi kún un pé bí ẹ bá tún orin náà ṣe, abẹ́ àṣẹ kan náà ni kí ẹ gbé èyí tí ẹ tún ṣe jáde. Bí ẹ bá rí NC, ẹ kò lè fi pa owó. Bí ẹ bá rí ND, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí pé gígé orin náà kí ó lè yípo ti jẹ́ àtúnṣe. Orin tí ẹnì kan tú jáde láti inú eré àtijọ́ kò sí lára ohun tí à ń sọ rárá, bó ti wù kí eré náà gbó tó: Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo orin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, àwọn tó kọ orin eré ní àwọn ọdún 1980 kò sì tíì kú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé ẹni tó gbé orin kan sójú òpó kì í ṣe ẹni tó ni ín. Eré mi ti jáde kí n tó mọ̀, mo sì ní láti yọ orin ìjà náà kúrò, kí n jókòó kọ òmíràn ní alẹ́ ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ṣe dáńlóòdù orin kan báyìí, lójú ẹsẹ̀ ni mo ń kọ àkọlé rẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, irú àṣẹ rẹ̀, àdírẹ́sì ojú ewé náà àti ọjọ́ tí mo gbà á sínú fáìlì kan. Mo sì máa ń wò ó bóyá àwọn orin mìíràn tí ẹni náà gbé síbẹ̀ jọ ara wọn. Akọrin gidi ní ọwọ́ tirẹ̀.

Fífi ọwọ́ ara yín ṣe é

Ẹni tí kò tíì ṣe orin rí lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BeepBox, tí John Nesky ṣe, tó ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà láìsí pé ẹ fi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo orin tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ló wà nínú àdírẹ́sì ojú ewé náà gan-an, nítorí náà ẹ lè da àdírẹ́sì yẹn kọ ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, kí wọ́n tó mú iná lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó dún bíi Famicom ní tòótọ́, FamiStudio ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Windows, macOS àti Linux, ẹ ó sì máa to ohùn sójú ìwé bí ẹni tó ń wo bọ́tìnì dùùrù láti ẹ̀gbẹ́. FamiTracker àti Furnace wà fún àwọn tó fẹ́ràn kí ohun gbogbo jẹ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Mo lò wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n n kò ní fi wọ́n kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ orin ìlú. Gbogbo wa tí a kọ́ àmì ohùn nílé ẹ̀kọ́ la mọ̀ pé dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Ẹ mú gbólóhùn tí ará ìlú náà yóò sọ fún àlejò, kí ẹ sì gbọ́ orin inú rẹ̀: “Ẹ káàbọ̀” jẹ́ re, mí, dò, dò. Ohùn mẹ́rin nìyẹn, bítì mẹ́rin. Ẹ fi sórí pulse àkọ́kọ́ ní ìdá 25, ohùn kan fún bítì kan, kí ohùn ìkẹyìn sì fà díẹ̀. Ní bítì mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ẹ tún un wí, ṣùgbọ́n kí ẹ gbé mí lọ sí sọ̀, kí ó lè dà bí ìgbà tí ẹlòmíràn láti òdìkejì òpópónà gba ìkíni náà lẹ́nu. Bí ẹ bá dúró lórí dò, re, mí, sọ̀ àti là nìkan, ó ṣòro kí ohùn kan tó ta ko èkejì, èyí sì wúlò fún ẹni tí kò kọ́ orin.

Ìlà pulse kejì kò gbọ́dọ̀ sáré lọ wá iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ da ohun tí ìlà àkọ́kọ́ ń sọ kọ síbẹ̀, kí ẹ sún un sẹ́yìn ní ìlàjì bítì, kí ẹ sì dín ohùn rẹ̀ kù láti 12 sí 5 nínú 15. Lójijì ni ìlú yín yóò ní ògiri tí ohùn ń ta bà. Ohùn mẹ́ta tó yẹ kí ó dún papọ̀ kò lè gba orí ìlà kan, nítorí náà àwọn àgbà iṣẹ́ yìí máa ń sáré lù wọ́n tẹ̀ lé ara wọn débi pé etí á gbà pé ọ̀kan ni wọ́n. Àmì 047 nínú FamiTracker ló ń ṣe èyí, ó ń fún yín ní ohùn aláyọ̀. 037 ni ti ìbànújẹ́. Ẹ fi irú sísáré lù yìí pamọ́ fún ihò àpáta àti ìjà, nítorí pé bí ó bá pẹ́ nínú orin ìlú, orí yóò fọ́ olùṣeré.

Triangle ni mo fẹ́ràn jù. Lóòótọ́, bass ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi slide mú un gun òkè tàbí kí ó ṣubú láàárín ohùn kan, ó ń dún bí ìgbà tí onílù fún ọṣán gángan mọ́ ìhà. Orin ìjà kan tí mo kọ kò ní ju gángan yìí, ariwo ìlù, àti pulse kan ṣoṣo lọ fún ẹsẹ̀ orin mẹ́rin àkọ́kọ́, ó sì gbóná ju èyí tí mo kó gbogbo ìlà ohùn sí lọ.

Yíyípo láìhan etí

Orin eré kì í parí, yíyípo ló ń yípo, ibi ìsomọ́ ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Eré àkọ́kọ́ tí mo ṣe máa ń dákẹ́ ní ìṣẹ́jú bíńtín kí orin tó bẹ̀rẹ̀ padà, bí ẹni tó ń kọsẹ̀. MP3 ló fà á, nítorí pé ó ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ kún iwájú àti ẹ̀yìn fáìlì. Ẹ lo OGG, irú fáìlì orin mìíràn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí orin yín bá ní ìfáàrà tí ẹ kò fẹ́ kí ó tún wáyé, RPG Maker, ètò tí wọ́n fi ń ṣe eré RPG, ń ka àmì méjì nínú fáìlì OGG: LOOPSTART, ibi tí yóò padà sí, àti LOOPLENGTH, bí ẹ̀yà tó ń yípo ṣe gùn tó. Ká ní orin ń lọ ní bítì 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí ìfáàrà jẹ́ bítì 16, tí ara orin sì jẹ́ bítì 64. Ìfáàrà gba ìṣẹ́jú-àáyá 8, ara orin gba 32. Bí fáìlì bá ní ègé ohùn 44,100 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, LOOPSTART yóò jẹ́ 352800, LOOPLENGTH yóò jẹ́ 1411200. Bí ó bá jẹ́ 48,000, wọn yóò di 384000 àti 1536000. Audacity, ètò tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ni ẹ ó fi wo èyí tó jẹ́, kí ẹ sì fi kọ àmì méjèèjì sínú rẹ̀. Orin tó wá láti FamiStudio kì í bọ́ sórí ìṣirò yìí géérégé, nítorí pé aago Famicom yá díẹ̀ ju 60 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ẹ fi ojú wá ibi ìsomọ́ náà lórí àwòrán ohùn. Nínú Godot, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe eré, ẹ fi àmì sí Loop nígbà tí ẹ bá ń gbé OGG wọlé, kí ẹ sì kọ 8 sí Loop Offset.

Gbohùngbohùn tí ẹ fi sí ìlà kejì lè tú yín fó níbí, nítorí pé ìró bítì ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ta bà sórí bítì àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí orin náà lọ ní ìgbà méjì nínú fáìlì, kí LOOPSTART sì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà kejì.

Ohùn idà, ohùn owó àti ti ilẹ̀kùn kò gba kí ẹ kọ orin kankan. Sfxr tàbí jsfxr, ètò kékeré fún irú ohùn bẹ́ẹ̀, yóò pèsè wọn bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì díẹ̀. Kí ẹ sáà rí i pé ohùn wọn ga ju orin lọ díẹ̀, kí idà má bàa rì sínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá rò pé orin ìlú ti parí, ẹ jẹ́ kí ó máa dún lórí fóònù fún ogún ìṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá ń dáná tàbí tí ẹ ń fọ aṣọ. Bí ọwọ́ yín bá lọ dín ohùn rẹ̀ kù, ohùn tó ga jù nínú rẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní òktéfì kan, kí ẹ sì padà sídìí ìkòkò.