Bí mo ṣe fi aṣọ Mọ́mì rán aṣọ ìbora

Nígbà tí ẹbí pín ẹrù Mọ́mì tán nílé wa ní Àkúrẹ́, àwọn aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò na ọwọ́ sí ló ṣẹ́ kù sínú àpótí: ìró ilé tó ti ṣá, bùbá tí abíyá rẹ̀ ti ya, àǹkò ìnáwó oríṣiríṣi, àdìrẹ aláró kan tó ti gbó. Àwọn gan-an ni mo tọrọ. Léèsì òde Mọ́mì dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró tí wọ́n fi ń gún iyán ni èmi mọ̀ mọ́ wọn lára. Mo fẹ́ rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di aṣọ ìbora kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì kọ́kọ́ ní kí n má ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ òkú. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ̀kú eégún ńkọ́? Ṣé kì í ṣe aṣọ ìdílé ni wọ́n tò pọ̀ sára rẹ̀?" Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ó dáa, ṣáà má gé aṣọ òkè rẹ̀."

Ohun tí wọ́n sọ tọ́. Aṣọ òkè kò tilẹ̀ nílò gígé, nítorí awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìbú rẹ̀ tó bí íǹṣì 4, ni wọ́n hun tí wọ́n sì rán pọ̀. Abẹ́ ni mo fi rọra tú ojú rírán àlàárì, aṣọ òkè pupa Mọ́mì, mo yọ awẹ́ díẹ̀ létí, mo sì rán ìyókù padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì ń ró o.

Mo fọ gbogbo aṣọ kí n tó gé wọn. Àdìrẹ dá wà nínú omi tútù tirẹ̀ títí omi fi mọ́, torí aró rẹ̀ lè ba aṣọ funfun jẹ́. Ìborùn kan ṣoṣo ni mi ò fọ̀: òórùn àdí àgbọn Mọ́mì ṣì wà lára rẹ̀.

Páálí oníhà mẹ́rin, íǹṣì 13 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ni mo fi wọn aṣọ; bí a bá ti rán ìdajì íǹṣì wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, 12 ló máa kù. Márùn-ún ní ìbú, mẹ́fà ní òró, ó di íǹṣì 60 sí 72. Télọ̀ tó yá mi ní maṣíìnì ní kí n fi áyọ́ọ̀nù lẹ gọ́ọ̀mù-sítéè, aṣọ fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lára, mọ́ ẹ̀yìn àwọn tó fẹ́lẹ́ kí wọ́n má baà fà. Àǹkárá ò nílò ìyẹn.

Kí n tó rán ohunkóhun, mo tò wọ́n sílẹ̀ ní pálọ̀, mo sì pe àwọn àgbà. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà wà lójú tèmi. Àbúrò Mọ́mì na ìka sí àǹkò aláwọ̀ ewé kan: "Èyí la fi sin ìyá wa. Òjò pa wá, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wọlé, torí ìyá rẹ ò dẹ́kun ijó." Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ní ẹ̀yìn aṣọ ìbora, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú kọ ìnáwó tí wọ́n torí rẹ̀ ra àǹkò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí, ẹ wá àwọn àgbà kí ẹ tó wá òwú.

Ọjà Ọba ni mo ti ra búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tó wà láàárín, àti àǹkárá ẹ̀yìn. Mo fi pínnì so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo sì fi òwú nípọn ta kókó sí igun gbogbo dípò kí n fi maṣíìnì là á já. Awẹ́ àlàárì, tó wúwo, ni mo fi gbá etí rẹ̀ yí ká.

Apá bùbá kan di àpò. Inú rẹ̀ ni báàjì ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, awò ojú Mọ́mì àti ìborùn tí mi ò fọ̀ wà. A máa ń kó wọn jáde kí a tó fọ aṣọ náà. Ọwọ́ la fi ń fọ̀ ọ́, abẹ́ ìbòòji la sì ń sá a sí. Ní báyìí, ó wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Oǹdó. Lẹ́yìn Kérésì yóò kàn mí.