Bí Mo Ṣe Kó Ọ̀rẹ́ Mẹ́sàn-án Jọ Nígbà Kónílé-ó-gbélé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ni ìjọba Èkó kéde kónílé-ó-gbélé, lásìkò tí a ń fẹ̀hónú hàn lórí SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìbọn ti dún ní too-gétì Lẹ́kí. Ìkòròdú jìnnà sí Lẹ́kí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sùn dáadáa nílé wa. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, gómìnà ní láti Àbámẹ́ta a lè máa jáde láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ má bú mi.

Mo mú bébà, mo ṣírò ọjọ́ náà. Barcelona àti Real Madrid, aago mẹ́ta ọ̀sán. Manchester United àti Chelsea, aago márùn-ún ààbọ̀. Èyí kejì yìí ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, torí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré la máa rí wò kí aago mẹ́fà tó lù. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp wa pé mọ́ńkì-pósìtì, bọ́ọ̀lù olópòó kékeré, láago mẹ́wàá lẹ́yìn ilé wa ní Ìgbogbo, Barça àti Madrid lẹ́yìn oúnjẹ, kí kálukú sì máa lọ láago márùn-ún. United àti Chelsea, kí oníkálukú lọ wò ó nílé bàbá rẹ̀. Èébú tí mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà kò kéré. Mi ò yí i padà.

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ ní méjì-méjì, kí wọ́n wọ aṣọ ilé, kí jẹ́sì wà nínú ọ̀rá, kí wọ́n fi fóònù ńlá sílé. Bí mo ṣe tẹ ìyẹn tán ni ojú tì mí. Ohun tí a torí ẹ̀ ń pariwo SARS gan-an nìyẹn, pé kí ọmọkùnrin má máa fi fóònù tó fowó ara ẹ̀ rà pamọ́ fún ọlọ́pàá. Ọjọ́ kọkànlá oṣù yẹn ni wọ́n ní àwọn ti tú SARS ká. Èmi rèé tí mò ń kọ́ ọ̀rẹ́ mi bí a ṣe ń fi fóònù pamọ́.

Owó epo, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí kálukú. Ilé epo ò tà fún oníkẹ́ẹ̀gì, mo ra tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ẹni tó gbẹ̀yìn dé ni ọ̀rẹ́ wa tó ń tún fóònù ṣe ní Sábó. Ó ti lo bí ọjọ́ mẹ́rin ní Alausa pẹ̀lú àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn. Bó ṣe tú ọ̀rá ẹ̀, òórùn táyà tó jóná gba ibẹ̀ kan. Ó ní ìyá òun ti fọ jẹ́sì náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò wọ̀ ọ́. Ó ká a lé orí òkúta tí a fi ṣe òpó, ó gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá ti gbá a ṣubú, yóò lọ gbọn yanrìn ara ẹ̀ dànù, yóò tún un ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, yóò gbé e padà. A máa dúró dè é. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì la jẹ. Valverde gbá ti Madrid wọlé níṣẹ̀ẹ́jú karùn-ún, Fati dá a padà níkẹjọ. Pápá Camp Nou ṣófo nítorí Kòrónà, ni ẹnìkan bá ní, "Kónílé-ó-gbélé tiwọn náà nìyẹn." Ẹ̀rín wá já sílẹ̀. Pẹ́náritì Ramos ti Madrid ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀, bóyá wọ́n fa jẹ́sì ẹ̀ tàbí òun ló ṣubú fúnra ẹ̀. Mẹ́ta sí ẹyọ kan ló parí sí, Madrid ló borí.

Bí wọ́n ṣe fọn fèrè, mo pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Chelsea kan ní nítorí Ighalo, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní United nígbà náà, tó sì ti ṣe fídíò tó fi bá ìjọba wí, òun máa ti United lẹ́yìn lónìí, kí n ṣáà jẹ́ káwọn wo ìlàjì àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Mo yọ púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀, mo fi í sápò.

Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá délé kó pè mí. Nígbà tí aago mẹ́fà fi lù, mẹ́jọ ti pè. Ti Sábó ò pè. Mo pè é, fóònù ẹ̀ ti kú. Ìyá mi gbé àmàlà sílẹ̀, mo kàn ń wò ó ni. Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ wọlé.

"Mo ti délé o, bátìrì ló tán. United àti Chelsea ńkọ́, gólì mélòó?"

"Òdo-òdo ni."

"Ìyẹn lo fi lé wa nílé bí ẹran?" Ó ní fóònù oníǹkan ni, ó pa á.

Ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni ò jáde. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́ ni Arsenal bọ́ sí pápá pẹ̀lú Leicester, kálukú wà nílé ẹ̀. Nígbà tí Vardy ti Leicester fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Ìjẹ̀dẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà òṣé gígùn kan.